Jẹ́sì Tí Ìyá Mi Rẹ Láró

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan sá tẹ̀lé mi ní ọjà Ìkòtún, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bàtà títí dé ibi tí mo ti fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́. Mo ti di àpò mi mú gírígírí, nítorí ẹni tó bá ń sá tẹ̀lé èèyàn ní Ìkòtún, àfi kí èèyàn kọ́kọ́ fura sí i ná. Àṣé ẹ̀wù ọrùn mi ló ń lé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Jẹ́sì yín yìí, fíńtéèjì ni, àbí? Kílọ́ọ̀bù wo ni? Ṣé ti Ítálì ni?"

Mo wo ara mi. Jẹ́sì aláró ni, ọrùn rẹ̀ ti ya díẹ̀, nọ́ńbà méjì tí wọ́n rán sẹ́yìn rẹ̀ ti ń ṣí létí. Apá òsì rẹ̀ dúdú ju apá ọ̀tún lọ, ibì kan sì wà níkùn rẹ̀ tí aró kò dé rárá.

"Ìgándò ni," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń fi orúkọ kílọ́ọ̀bù náà pamọ́ ni, kí òun má bàa rí irú rẹ̀ rà. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá jẹ́sì àtijọ́ kiri báyìí, pé bó bá ṣe gbó tó ló ṣe níyì tó, pàápàá tí èèyàn bá mọ sáà tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní sáà tí wọ́n fi èyí gbá bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọjá kí n tó sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un, kò sì gbà á gbọ́. Bó bá ka ìtàn yìí, kó tún gbìyànjú láti gbà á gbọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà yẹn, ó sì dá mi lójú pé bọ́ọ̀lù ló máa gbé mi kúrò ní Ìgándò. Kò dá ìyá mi lójú. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ọmọ Èkìtì, ẹ sì mọ̀ pé tí ọmọ Èkìtì bá ti rí ìwé, kò tún mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè fi ọmọ ṣe. Wọ́n ti ra fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ fún mi, wọ́n ká a sínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá ti sọ tán. Lẹ́yìn tí mo ti sunkún, tí mo ti bínú, tí mo ti kọ oúnjẹ ọjọ́ kan gbáko (mo lọ jẹun níta), ìyá mi pè mí jókòó.

"Sáà kan péré ni mo fún ẹ," wọ́n ní. "Bí ẹ bá gba ife, máa bá bọ́ọ̀lù ẹ lọ, mi ò ní í dí ẹ lọ́wọ́ mọ́. Bí ẹ ò bá gbà á, wàá kọ fọ́ọ̀mù yìí, o ò sì ní í bá mi jiyàn."

Mo gbà. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé a ti gbá ìdíje mẹ́rin nínú líìgì àdúgbò náà, wọ́n sì ti nà wá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹgbẹ́ òpópónà wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Kóòṣì wa, panẹbítà ni. Ó máa ń fi ohùn tó fi ń pariwo borí òòlù bá wa sọ̀rọ̀, bí a tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Jẹ́sì mẹ́rìndínlógún la ní, aṣọ òwú funfun, òkìríkà tí kóòṣì ṣà ní Ìkòtún, tí ó ní kí télọ̀ kan rán nọ́ńbà sí. Òfin kan sì wà tó le ju òfin bọ́ọ̀lù lọ: lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, ilé agbábọ́ọ̀lù kan ni yóò fọ jẹ́sì gbogbo wa. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá kọ̀, kò ní í gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ń ru ẹrù yìí, èdè tí wọ́n sì ń sọ sí wa lẹ́bàá omi kì í ṣe èdè àdúrà.

Nígbà tó kàn mí, mo gbé àpò jẹ́sì náà wọlé, mo sì ro ẹjọ́ mi fún ìyá mi.

"Kí n fọ aṣọ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún?" wọ́n ní. "Bàbá rẹ tí mo fẹ́ sílé, ṣé mo ń fọ tiẹ̀ ni? Gbé e kúrò níwájú mi jàre."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kì í ṣe nítorí aṣọ fífọ̀. Ó dà bí ẹni pé ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé kò tó ohun tí wọ́n lè tẹ ọwọ́ bọ omi fún.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n lọ síléèwé, mo fọ jẹ́sì náà fúnra mi. Mo fi ọṣẹ bó wọn títí ẹ̀yìn mi fi ń ro mí. Ó wá ku omi ìkẹyìn. Nílé wa, aṣọ funfun kì í dé orí okùn láìjẹ́ pé ó ti inú omi tí a po búlùú sí kọjá. Búlùú ló ń mú kí funfun tàn. Búláòsì funfun tí ìyá mi ń wọ̀ lọ síléèwé, ẹ ó rí i láti òpin òpópónà. Mo yíjú báyìí, mo rí báàfù ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi kún inú rẹ̀, omi náà sì ní àwọ̀ búlùú.

Inú mi yọ́. Mo ní, ṣebí ìyá ni ìyá ń jẹ́. Wọ́n fi ẹnu kọ̀, wọ́n fi ọwọ́ po búlùú sílẹ̀ dè mí. Mo da jẹ́sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sínú rẹ̀. Omi búlùú, wọn kì í fi aṣọ pẹ́ níbẹ̀, kí a rì í kí a yọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, yóò funfun díẹ̀ sí i. Mo lọ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú báàfù yẹn fún yín. Ìyá mi ra àdìrẹ tuntun fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kí àpọ̀jù aró ara rẹ̀ lè jáde. Nígbà tí wọ́n yọ àdìrẹ, wọn kò da omi rẹ̀ nù, nítorí omi ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò wa. Omi tí a bá ti lò báyìí la fi ń fọ ilé ìwẹ̀. Inú omi ilé ìwẹ̀ ni mo rì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa sí.

Nígbà tí ìyá mi fi dé, mo ti sá jẹ́sì náà, mo sì ń wò wọ́n bí ẹni tí ìyà ń bọ̀ wá jẹ. Òmíràn ní àmì aró léjìká, òmíràn ní i nídìí. Kò sí èyí tó jọ èkejì, gbogbo wọn dà bí ẹni tí wọ́n lù.

"Ta ló rán ẹ sínú omi àdìrẹ mi?"

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ bá mi po búlùú ni, mà."

Mo ń retí ìfọ́tí. Kò wá. Ìyá mi wò mí, wọ́n wo orí okùn, wọ́n tún wò mí.

"O rò pé mo bá ẹ po búlùú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì iléèwé wọn léjìká. Ojú tì wọ́n, mo rí i kedere. Títí di òní, mi ò mọ ìgbà mìíràn tí ojú ti ìyá mi níwájú mi.

Ní ọjọ́ kejì, láti iléèwé, wọ́n gba Ìkòtún lọ bá obìnrin tó ta àdìrẹ fún wọn. Wọ́n kó aró lúbúlúbú bọ̀ pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, wọ́n so gèlè mọ́ ìbàdí, wọ́n ní kí n lọ pọnmi. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé aláró ni ìyá tó bí wọn lọ́mọ, pé inú ẹ̀lú ni wọ́n dàgbà sí kí wọ́n tó di tíṣà. Wọn kò sọ ọ́ fún mi rí. Ọwọ́ tí mo mọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì àti pankẹ́rẹ́ ń rẹ aṣọ sínú aró, ó ń fà á jáde, kò sì ta sí wọn lára. Aṣọ náà máa ń jáde ní àwọ̀ ewé, mo sì ké pé ó tún ti bàjẹ́.

"Dúró," wọ́n ní. "Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ ná."

Lójú mi báyìí, àwọ̀ ewé náà di aró. Mo pariwo bí ọmọdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì tètè ba ojú jẹ́ padà kí n má bàa rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ó yẹ kí a ṣan aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí a sì sá a síbòòji fún ọjọ́ méjì, kí aró lè mú un dáadáa. A kò ní ọjọ́ méjì. Ọ̀la ni ìdíje.

Kóòṣì tú àpò náà ní pápá, ó sì bẹ́ sẹ́yìn.

"Ta ló kú?" ó bi wá.

Mo ṣàlàyé. Ó wo ojú mi, ó wo jẹ́sì, ó wo àwọn tí a fẹ́ bá gbá tí wọ́n ti wọ yẹ́lò wọn, wọ́n ń tàn yòò. Ó ní kí a wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ìhòòhò kò dára.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òógùn dé, aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó kùn wá lọ́rùn, ó kùn wá lápá, ó ń ṣàn bá wa dé orúnkún. Agbábọ́ọ̀lù kan nínú àwọn oníyẹ́lò náà wá fi èjìká gbá mi, bí ó ti ń padà lọ ló wo èjìká rẹ̀. Aró ti yí i. Ó dúró, ó fi itọ́ pa á, ó túbọ̀ tàn ká. Àwọn náà ní òfin aṣọ fífọ̀ tiwọn, gbogbo wọn ló sì ní ìyá nílé. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó tún fẹ́ sún mọ́ wa. Bí mo bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, wọ́n á yà fún mi bí ẹni tó ru epo. Góòlù méjì la fi nà wọ́n, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa na ẹnikẹ́ni.

Kóòṣì kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ṣòfin tuntun: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ọṣẹ kan jẹ́sì mọ́, kí aró má bàa tán. Oòrùn nìkan ni kí a máa sá a sí. Òórùn tó ń ti inú àpò yẹn jáde lọ́sẹ̀ kẹta, mi ò ní í ṣàpèjúwe rẹ̀ nítorí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a ń borí. Àwọn òǹwòran sọ wá ní Aláró, wọ́n á sì máa pariwo rẹ̀ tí a bá ti yọ. Ìyá mi kò béèrè bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi o. Aró ni wọ́n ń béèrè.

"Báwo ni aró náà ṣe ń ṣe sí?" wọ́n á ní, bí ẹni tí kò kàn.

"Ó ti ń ṣá lẹ́yìn, mà."

"Gbé e wá."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún rẹ ẹ́ kí sáà náà tó parí, nígbàkúùgbà tí mo bá sì rántí rẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Tíṣà tí kò fẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń pèsè ohun ìjà fún wa.

Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo, àwa àti ẹgbẹ́ kan láti Ìjẹ̀gùn. Bí a bá nà wọ́n, àwa la ni ife. Bí a bá ta ọ̀mì, àwọn ni. Mo mọ ohun tí ife náà jẹ́ fún mi. Fọ́ọ̀mù ṣì wà nínú ìwé orin, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá eku ti ràn mí lọ́wọ́.

Àwọn ará Ìjẹ̀gùn gbọ́n. Wọ́n yá jẹ́sì dúdú wọ̀. Aró kì í bá dúdú jà, nítorí náà wọ́n lẹ̀ mọ́ wa bí eéṣú mọ́ àgbàdo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Èyí tó ń ṣọ́ mi ga, ó sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. A kò rí góòlù, àwọn náà kò rí.

Ìyá mi wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n wọ àdìrẹ ìkórè náà, wọ́n ta agboòrùn, wọ́n dúró sétí ìlà, wọ́n sì ń bá àwọn tó ń ṣépè wí. Wọ́n ní àwọn kàn wá wo bí aró ṣe rí nínú oòrùn ni.

Ó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo sá kọjá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo wọ ojú ilé wọn, ó ku èmi àti gólì. Ni ẹnì kan bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá jẹ́sì mi mú lẹ́yìn, ó fà mí wálẹ̀ gbìì. Oòrùn wà lójú rẹfirí, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Àwọn tiwa ké, àwọn tiwọn ké. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sókè ọ̀run.

"Mo fi Ọlọ́run búra, n ò fọwọ́ kàn án!"

Mo ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo rí agboòrùn tó ń wọ inú pápá bọ̀. Kò sí ẹni tó dá a dúró. Ta ló fẹ́ dá tíṣà dúró?

"Ẹ káàsán, ọ̀gá," ìyá mi kí rẹfirí. Wọ́n wá kọjú sí ọkùnrin náà. "Ìwọ. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ."

Ohùn yẹn, gbogbo ẹni tó ti lọ síléèwé rí ló mọ̀ ọ́n. Kí ọkùnrin náà tó ronú, ó ti tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba pankẹ́rẹ́. Aró ni, láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́.

"Ṣebí a bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, mà," ó ní.

"Ṣé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tèmi ló wọ jẹ́sì ni?"

Pápá dàrú fún ẹ̀rín. Rẹfirí gan-an rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí ojú pẹ́náàtì. Ìyá mi yí padà, wọ́n rọra bá ọ̀nà wọn lọ sétí ìlà.

Balógun wa ló máa ń gbá pẹ́náàtì. Ṣùgbọ́n inú kóòṣì dùn ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. "Ẹni tí wọ́n fà láṣọ ni kó gbá a!" ló ké, "kí ìyá rẹ̀ lè rí i!" Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún mi.

Mo gbá a. Ó gba òkè igi kọjá, ó gba òkè ọgbà kọjá, a gbọ́ ọ gbàà lórí páànù ilé kan tí a kò mọ onílé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fèrè.

Ìyá mi àti èmi la jọ rìn wálé, abẹ́ agboòrùn kan náà. Wọn kò bú mi, wọn kò sì tù mí nínú. A dé ilé, wọ́n bu omi fún mi mu, wọ́n jókòó.

"Mo ti wò ó," wọ́n ní. "Gbá a lọ́dún tó ń bọ̀ sí i. O sáré dáadáa lónìí. Fọ́ọ̀mù kò ní í sá lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Ó yẹ kí n fò sókè, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Nígbà tí mo gbé bọ́ọ̀lù yẹn kalẹ̀, kì í ṣe pé mo ń wo ibi tí n óò gbá a sí. Àdúrà ni mo ń gbà, pé kí ẹlòmíràn wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tí yóò fi bọ́ọ̀lù jẹun kì í gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n rò pé ìbínú ni. Wọ́n bẹ̀ mí ní Sátidé yẹn, wọ́n tún bẹ̀ mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kejì. Ní Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni mo ṣí ìwé orin.

Mo ti di tíṣà láti ìgbà náà, iṣẹ́ náà sì bá mi lára mu. Àmọ́ bí èèyàn bá béèrè pé kí ló dé tí mi ò bá bọ́ọ̀lù lọ, mo ní ìdáhùn kan tó rọrùn tó sì pani lẹ́rìn-ín: "Ìyá mi ni kò gbà. Tíṣà ni wọ́n, ọmọ Èkìtì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe." Mo ti sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, fún àwọn àna mi, fún ìyàwó mi. Ìgbà púpọ̀ ni ìyá mi wà níbẹ̀ tí mo ń sọ ọ́. Wọ́n á kàn mi orí.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé báyìí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjìlá, ti ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé rẹ̀, ó sì sáré dáadáa. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa ń jẹun, ó gbé síbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí Dádì gbá bọ́ọ̀lù?"

Ìyá mi wò mí. Mo tẹjú mọ́ àwo mi.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ tíṣà bíi tèmi ni," wọ́n ní.

"Ẹ ò ṣe dáadáa, Màmá."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ yìí bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ẹ̀kọ́ lẹ́sìn ló máa ń sọ fún màmá rẹ̀ àgbà pé òun ń lọ. Inú àpò ìwé ló ń fi bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí. Ìyá mi sì mọ̀. Tíṣà ni wọ́n, kò sí àpò ìwé tí wọn kò mọ bó ṣe yẹ kó wú tó. Wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bá mi sọ fún un pé mi ò bínú sí bọ́ọ̀lù," wọ́n ní. "Mo fẹ́ lọ máa wò ó."

Mo ní màá sọ fún un. Sátidé kẹta rèé, n kò tíì sọ ọ́.